Ẹṣin Onígi Lẹ́nu Ọ̀nà Párádísò

Mọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 1981

Ọ̀dà pupa ṣì wà léèékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń kun àwọn ẹṣin onígi jangirọ́fà mi níwájú ilé ní Kemta, mọ́tò funfun kan dúró. Mo rò pé ó ṣìnà ni. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ — ọmọdé lójú mi — ó so táì pupa mọ́rùn nínú oòrùn yẹn! Ó kí mi dáadáa, díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà. Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ ẹ̀, màníjà ilé-iṣẹ́ Párádísò, àwọn tó ń kọ́ ọgbà ìgbádùn ràgàjì sọ́nà Èkó. Wọ́n máa ṣí i lásìkò Iléyá. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé bí ọdún bá dé, jangirọ́fà mi ni gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ń sáré wá. Ṣé mo lè wá máa ṣe é lọ́dọ̀ àwọn? Ṣé mo mọ àwọn mìíràn tó ń dá àwọn èèyàn lára yá?

Ṣé mo mọ̀ kẹ̀! Idán ńkọ́? Àgùnfọn ńkọ́?

Táì Pupa ni màá máa pè é.

Àtàláátà, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ bá Idán ní Òwu. Sàlàhúdíìnì lorúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, òun ló ń yọ ẹyin létí àlejò. Ó pariwo débi pé Sìlífátù ìyàwó ẹ̀ mú ọmọrogùn sáré jáde, ó rò pé olè ni. Ó ní òun máa sọ táì yẹn di àwátì lọ́rùn ẹni tó ni ín. Mo ní, "Sàlàhú, má bà wá jẹ́ o." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí Àgùnfọn lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Fájẹ́misìn ni, bàbá Ọ̀ṣungbèmí. Àgbẹ̀ gidi. Àmọ́ bó bá gun ẹsẹ̀ igi bàbá ẹ̀, òrùlé ló máa ń fọwọ́ tì. Àtìgbà tí Mọ́ṣúdù ọkọ mi ti kú làwa mẹ́ta ti jọ ń ṣeré kiri. Mọ́ṣúdù ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ àwọn ẹṣin yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Sátidé, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

A dé ọgbà. Háà! Àgbá irin kan bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ tó ń yí lójú ọ̀run, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, àga rọ̀ mọ́ ọn yíká. Mo wò ó, mo rántí ẹṣin mi tí a ń fọwọ́ tì, ojú tì mí díẹ̀.

Táì Pupa ní ká fi nǹkan han àwọn. Àgùnfọn gun ẹsẹ̀ igi, ó jó, àwọn bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ wọ́n ń wòran. Ó kan Idán. Kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹyẹlé tó fi pamọ́ sáṣọ fò jáde fúnra ẹ̀, ó bà sórí àgbá irin, ó ń wò wá nílẹ̀. Idán pè é, pè é. Àgùnfọn nawọ́ sí i lórí igi — kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Òyìnbó ẹnjiníà kan tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Táì Pupa ní ó dùn mọ́ òun nínú. Ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Sọ́ńdè, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹyẹlé ò tíì wálé. Idán ò jẹun.

Jímọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì. Adépéjú, akọ̀wé Táì Pupa, ọmọ Igbein, ló ka àdéhùn fún wa lédè Yorùbá. Ohùn ẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló korò.

Fún ọdún méjì, a ò gbọdọ̀ ṣeré níbòmíràn. Ibikíbi! Kí Idán má yọ ẹyin létí ẹnikẹ́ni níbi ìsọmọlórúkọ. Kí n má gbé ẹṣin lọ sí pápá Òwu lọ́jọ́ Iléyá — inú ọgbà ni, kí ọmọ tó bá fẹ́ gùn ún ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ná. Àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa, ta ló máa rà á fún wọn? Àgùnfọn ní tiẹ̀, kó gbé ìbòjú ehoro wọ̀.

Àgùnfọn yíjú sí Táì Pupa. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ehoro wo ló ga tó òrùlé?" Adépéjú fi bébà bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló wà lójú Àgùnfọn. Ó ní lọ́dún Ògún lábúlé àwọn, ẹsẹ̀ igi yẹn ló ń ṣáájú. Bí òun bá wà nínú ọgbà, ta ni yóò gùn ún?

Táì Pupa ní ká lọ rò ó.

Mọ́ńdè, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Táì Pupa wá sílé, òun nìkan. Ó jókòó, ó mu omi. "Mádàámú, ká sòótọ́, ẹ̀yin gan-an la fẹ́. Àwọn méjì yẹn ń fà yín sẹ́yìn ni. Ẹ bọwọ́ lù ú, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe olórí gbogbo eré ọmọdé." Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Olórí. Èmi Bùsírátù tí ìwé mi ò kọjá Mọ́dà Sùkúù.

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Àtàláátà, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn mí!

Àwọn méjèèjì wá sọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnìkejì. A ń jẹ ẹ̀kọ. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo ní, "Ẹ gbọ́, ọkùnrin yẹn wá síbí lánàá." Idán gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. "Ṣé ó ní ẹ̀yin gan-an làwọn fẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Olórí?" Mo ní olórí ni. Ó pàtẹ́wọ́: "Èmi náà! Olórí eré àgbà!" A bá kọjú sí Àgùnfọn. Bàbá jẹun tán, ó nu ọwọ́. Ó ní, "Ó dé abúlé. Ẹrẹ̀ fa bàtà ẹ̀ kan ya. Olórí lèmi náà."

Olórí mẹ́ta, kò sí ọmọ ẹ̀yìn! Ibẹ̀ la ti pinnu: ẹnu kan ṣoṣo la ó máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Àlàmísì, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

A jọ lọ. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́: ọjọ́ Iléyá tiwa ni. Ọ̀sẹ̀ ọdún Ògún, ti Fájẹ́misìn ni. Ìsọmọlórúkọ, kí Sàlàhúdíìnì máa lọ. Ehoro, rárá. Táì Pupa bínú, ó ní òun lè kó eléré wá láti Èkó. Idán ní, "Ẹ kó wọn wá, a ó kí wọn káàbọ̀." Táì Pupa tú táì ẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun máa bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́.

Adépéjú sìn wá dé ìta. Ó ní, "Ẹ gbìyànjú gan-an, mà."

Mọ́ńdè, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èsì dé láti Èkó. Wọ́n gba gbogbo ohun tí a béèrè.

Àyàfi èmi.

Wọ́n ní ẹṣin onígi ò bá ọgbà mu, ẹlẹ́ńjìnnì làwọn ń retí látòkè òkun. Táì Pupa ò lè wò mí lójú. Mo ní kò burú. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ó burú.

Àlàrúbá, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìjà. Idán ní òun ò bọwọ́ lu nǹkan kan bí wọn ò bá gbà mí. Mo ní òmùgọ̀ ni. Mo ní aboyún wà nílé ẹ, Sàlàhú. Ọ̀ṣungbèmí ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá ẹ̀ nílò iṣẹ́ tó dúró. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ bọwọ́ lù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ má tún wọlé mi. Àgùnfọn ní, "Ìyá Ẹlẹ́ṣin, ṣé tinútinú lẹ fi ń sọ ọ́?" Mo ní tinútinú ni.

Wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ẹṣin, mo sunkún díẹ̀. Kò pọ̀.

Jímọ̀, 2 Òkítóbà

Wọ́n ti bọwọ́ lù ú. Idán wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín ẹlẹ́bi. Àwọn méjèèjì ló ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: igi kajú tó wà níta gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ẹnikẹ́ni má lé mi kúrò níbẹ̀. Táì Pupa ní ìta kì í ṣe tàwọn, ó kọ ọ́ wéré.

Mo ní mi ò lọ. Ìgbéraga mi ni. Àgùnfọn ní igbó lòun ti ń bọ̀, òun mọ ibi tí òjìji ti dáa.

Àlàmísì, 8 Òkítóbà — Iléyá

Pápá Òwu kún! Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Apá ń ro mí. Ẹran wà nílẹ̀. Alhamdulilahi.

Sátidé, 10 Òkítóbà

Mo lọ ná. A ò lè máa bínú sí igi kajú.

Wọ́n ṣí Párádísò lónìí. Orin ń ké, àgbá irin ń yí. Mo to ẹṣin mi sábẹ́ òjìji, mo ń tì í jẹ́jẹ́. Ọmọ kan gùn ún. Bàbá ẹ̀ dúró, ó ń wò. Ọmọ mìíràn. Ẹbí tó ń lọ síbi tíkẹ́ẹ̀tì yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré — ọmọ wọn ò bọ́ sílẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, èrò ti bo géètì, àwọn tó fẹ́ wọlé ò rí ọ̀nà, àwọn tó rí ọ̀nà ò wọlé.

Táì Pupa jáde wá pẹ̀lú òógùn lójú. "Mádàámú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé." Mo ní, "Ọmọ mi, ta ni mo dì mú?" Ó wo ẹṣin, ó wo èrò, ó wo géètì ẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé mi ò kúkú ní gbé wọn wọnú ọgbà? Òun máa bá Èkó sọ ọ́ fúnra òun. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́.

Mo ti ẹṣin yípo kan kí n tó dá a lóhùn. Mo ní mo gbọ́, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èmi nìkan lè dá sọ. Kó lọ bá mi pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá ná.

Ó sáré lọ pè wọ́n.