Ìgò Ọtí Tó Lé Bàbá Mi Kúrò Létí Ọ̀sà

                                        Ilé Adéjìmí,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Bàrígà,
                                        Ṣómólú, Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Ọ̀pẹ, 1956.

Beatrice mi, ọ̀rẹ́ tó dà bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Igbókòdá? Màmá ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́? Àbúrò rẹ kékeré tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ kú ọdún Kérésì o, ẹ sì kú ìmúra ọdún tuntun. Gbogbo wa níhìn-ín ń kí yín, ara wa le.

Lẹ́tà tó dùn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sí ọ, mo sì fà á ya nítorí irọ́ ló kún inú rẹ̀. Inú ń bí mi, Beatrice. Ó ń bí mi débi pé mo ń ṣí ìwé, mi ò sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. Bí tíṣà bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti rò pé mo ti fèèlì nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ọmọ bínú sí àgbàlagbà báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rò ó fún ọ, kí o bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

O rántí pé Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè lẹ́yìn Iléyá. Orúnkún wọn ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì sí abíyá ni wọ́n fi ń rìn. Nígbà tí mo dé fún ọlidé, orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ni mo bá wọn. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn, wọ́n de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n ń wo ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò. Màmá mi fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní bí Bàbá ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, àti pé oúnjẹ kì í wọlé sí wọn lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́, wọ́n ní ìwọ̀ ni. Wọ́n fẹ́ máa fi ìwọ̀ dẹja bí wọ́n ti ń ṣe lọ́mọdé ní abúlé wa n'Ìjẹ̀bú, kí wọ́n sì rí ẹgbẹ́ wọn bá sọ̀rọ̀.

A jọ wá ibi tí wọ́n lè jókòó sí kiri. Níbi tí a kọ́kọ́ dé, ẹrẹ̀ gbé ọ̀pá wọn mì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dojú bolẹ̀. A kọjá sí ibi tí wọ́n ń já igi gẹdú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí a kúrò lọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó sílé, kí ẹ máa jẹ èyí tí wọ́n bá sè fún yín."

Lẹ́yìn náà ni a dé ebúté àwọn èèyàn rẹ, àwọn Ìlàjẹ. Yanrìn ibẹ̀ le, ó sì tẹ́jú títí dé etí omi. Bàbá kan tó ń jẹ́ Lazarus, tí wọn ò lè tu ọkọ̀ mọ́, ló máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn arúgbó ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń dẹ ìwọ̀. Bàbá mi bèèrè bóyá àwọn lè bá wọn jókòó. Bàbá Lazarus ní, "Ẹ jókòó, omi ò ní kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ ẹja tí ẹ bá kọ́kọ́ mú lójúmọ́, ti Sabina ni." Sabina ni ìyàwó wọn, òun ló ń gbá etí omi náà, òun ló sì ń yan ẹja níbẹ̀. Bí gbogbo wọn ti ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí Bàbá mi fa epìyà àkọ́kọ́ jáde, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, Màmá Sabina yí i síwá-sẹ́yìn, wọ́n ní, "Bàbá onírélùwéè, èyí ò tíì tó ẹni tí ẹ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Beatrice, mi ò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti ń jí wá ekòló, wọ́n sì ń bèèrè oúnjẹ kí ó tó jinná.

Bàbá Ògúnmọ́lá ló wá bà á jẹ́. Àwọn àti Bàbá mi jọ ṣiṣẹ́, akọ̀wé ni wọ́n, ètò kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ etí omi, wọ́n ní, "Adéjìmí, o kàn lọ ń jókòó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Kí ni wọ́n á máa pe àwa Ìjẹ̀bú?" Bàbá mi ní ẹja àkọ́mú ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, àwọn sì ń fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹja? Ẹja lo ń pè ní ètò?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá Ògúnmọ́lá bá wa lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé obì àti ìgò ṣìnáàpù kalẹ̀ níwájú Bàbá Lazarus, wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n ní, "Onílẹ̀ wa, àwa àlejò yín ló wá kí yín." Bàbá Lazarus wo ìgò náà bí ẹni tó rí ejò. Onísọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n, wọn kì í tọ́ ọtí wò. Mùsùlùmí ni Bàbá mi. Nínú gbogbo wọn, Bàbá Ògúnmọ́lá pàápàá, kò sí ẹni tó ń mutí. Àmọ́ Bàbá Lazarus ò fẹ́ dójú ti Bàbá mi lójú èèyàn, wọ́n dákẹ́, ìgò náà sì wà níwájú wọn.

Ìdákẹ́ yẹn ló di ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn Ìlàjẹ kọ́ ló ni ilẹ̀ Bàrígà. Ọdọọdún ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé kan. Ẹni tí a bá sì gbé ọtí àti obì fún lórí ilẹ̀, òun là ń pè ní onílẹ̀. Bọ́dúndé, tó ń bójú tó ilẹ̀ fún ìdílé náà, gbọ́ pé Lazarus ti ń gba ọtí onílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n fi pákó àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí gbogbo etí omi náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ò rí ibi gúnlẹ̀ sí, Màmá Sabina ò sì rí ẹja yan.

Mo lọ bá Bọ́dúndé fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé àṣìṣe ni. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo gbé ọtí náà ni? Ẹnu tó pè é ní onílẹ̀ ni kó wá sọ ọ́ pé òun ṣì í. Dìde, sísítà, kí o máa lọ kàwé rẹ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Ògúnmọ́lá níwájú Bàbá mi. Wọ́n ní, "Èmi? Kí n lọ bẹ ọmọ àná nítorí pé mo bu ọlá fún èèyàn?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kí ẹ kàn ní ẹ ṣì í." Ohùn mi ti lọ sókè kí n tó mọ̀. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀, mo sì tọrọ rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí egungun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Bàbá mi gbé ọ̀pá wọn, wọ́n ní kí Màmá mi sin àwọn lọ sọ́dọ̀ Bọ́dúndé. Màmá ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Bàbá ní, "Èmi ni mo rán ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mi ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀." Bọ́dúndé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ tún ń pín ṣìnáàpù." Bàbá mi gbà á mọ́ra. Wọ́n tú ọgbà náà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ Bọ́dúndé ní ẹsẹ̀ Bàbá mi ò gbọdọ̀ tẹ yanrìn náà mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Bàbá Ògúnmọ́lá wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé wa, wọ́n sì ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ní yóò yanjú." Mo gbé àwo wọn kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó lá ọwọ́ tán.

Bàbá mi padà sórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni Bàbá Lazarus bá wọn, tí wọ́n ní, "Bàbá Rùká, ẹ dìde. Ọ̀sà gùn ju ilẹ̀ Bọ́dúndé lọ." Wọ́n ti rí ibòmíràn, ẹrẹ̀ ni, ó ń rùn, ẹ̀fọn sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tú ọkọ̀ kan tó ti gbó, wọ́n fi pákó rẹ̀ ṣe ọ̀nà kí ọ̀pá Bàbá mi má baà rì. Gbogbo àwọn arúgbó náà ló fi yanrìn rere sílẹ̀ wá jókòó tì wọ́n. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀fọn ń jẹ àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí nítorí pé ẹnì kan ò lè la ẹnu sọ pé òun ṣì í. Ṣé èmi ni mo burú, Beatrice? Kọ òtítọ́ sí mi.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá dáadáa, kí o sì fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ fún mi. Mo fẹ́ di lẹ́tà yìí lánàá nígbà tí Bàbá mi pè mí. Wọ́n ní Bàbá Ògúnmọ́lá fẹ́ máa bá wọn jókòó létí omi, kí n lọ ra ìwọ̀ fún wọn ní Onípànù. Mo wo ojú Bàbá mi títí, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Mo lọ, mo sì rà á. Èyí tó kéré jù lọ nínú ìsọ̀ náà ni mo rà.

Èmi tìrẹ ni, tọkàntọkàn,

Rùkáyátù Adéjìmí