Àwo Tí Kò Tètè Padà

Crookston, Minnesota,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Britta, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí Neal ọkọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tó ń dun Neal ti fi í lọ́rùn sílẹ̀, kí gbogbo ìròyìn tó bá ti ọ̀dọ̀ Anders ọmọ yín wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkun sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Èmi náà wà, ara mi le. Ọrùn ẹsẹ̀ mi tó rọ́ lórí yìnyín ní oṣù kìíní ti san. Mo ti ń fi í gun àkàsọ̀, má sọ fún Neal.

Mo mọ̀ pé tẹlifóònù mi lò ń retí, kì í ṣe lẹ́tà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni màá sọ, tó bá wá di ọ̀sán ọjọ́ kejì màá bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi sítáǹbù kan ṣòfò, tí mo sì jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀ kó o tó pè mí.

Ilé ti tà. Ìparí oṣù yìí ni àwọn tó rà á máa kó wọlé. Tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀ ni wọ́n, oyún sì wà nínú obìnrin náà. Ó bi mí léèrè iye epo tí iná amúlégbóná ilé náà ń mu nígbà òtútù, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo àjà, síbẹ̀ wọ́n rà á. Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mò ń lọ báyìí, torí mi ò lè máa gbé inú ọkọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi, o sì mọ méjèèjì. Èkíní ni Madison lọ́dọ̀ yín, nínú yàrá Anders, tí ẹ ní mi ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Èkejì ni Decorah ní Iowa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tí Marvel ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Marvel tí mò ń wí náà ni Marvel tá a jọ wà ní ilé òṣùwọ̀n, tá a jọ ń wọn ọkọ̀ tó ń kó bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, lọ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà ní gbogbo ìgbà ìkórè. Onílé rẹ̀ ń gba dọ́là 525 lóṣù, owó iná amúlégbóná wà nínú rẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò náà bí a ṣe máa ń ṣe é nídìí òṣùwọ̀n: wọn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, wọn ọkọ̀ lófìfo, yọ èyí kúrò lára ìyẹn, ohun tó bá kù ni ẹrù. Decorah máa ná mi ní 6,300 dọ́là lọ́dún. Madison ò ní ná mi ní nǹkan kan. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Madison ló borí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ká ní ìṣirò nìkan ni, ibí yìí ni lẹ́tà yìí ì bá parí sí.

Ní oṣù kẹta tí mo wá dán ọ̀dọ̀ yín wò, ẹ tọ́jú mi ju bó ti yẹ lọ. Neal tí ẹ̀yìn ń dùn ló gbé tẹlifíṣọ̀n sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá mi. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Ọjọ́rú kan nínú Lẹ́ńtì, mo se oúnjẹ mi tó o mọ̀, ẹran lílọ̀ tí mo to ọ̀dùnkún lé lórí, mo yan án nínú àwo dígí mi onígun mẹ́rin, mo sì gbé e lọ síbi oúnjẹ alẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì yìn mí. Mo gbàgbé àwo náà síbẹ̀. Mi ò tíì bọ́ bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀ nílé nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó ti fọ àwo náà, ó ti nù ún gbẹ, káàdì ìdúpẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ó ní, “Màmá Britta, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò fẹ́ kí àwo yín sọnù ni.”

Mo ní, “Wọlé wá mu kọfí.”

“Rárá o, Mà, mi ò ní yọ yín lẹ́nu.”

Mo tún sọ ọ́. Ó tún kọ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí, èèyàn á kọ̀ lẹ́ẹ̀kínní, á kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kẹta ló máa wọlé. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni mo rí. Mo gbé àwo mi sí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó o dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ọ pé olóòótọ́ èèyàn ni àwọn ará ìlú yín. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ní oṣù karùn-ún, mo lọ sí Decorah láti dán òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn náà wò. Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orville Sande fi kú, obìnrin tí mi ò fojú kàn rí. Marvel bọ́ sí ọ̀dọ̀ mi lókè, ó ní, “Ṣé o máa jókòó síbẹ̀ máa ka ègé búrẹ́dì ni? Se nǹkan, jẹ́ ká lọ.” Mo tún se oúnjẹ kan náà nínú àwo kan náà, a sì gbé e lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fún àwọn tó wá síbi ìsìnkú lóúnjẹ. Nígbà tá a palẹ̀ mọ́, mi ò rí àwo mi.

Mo ní wọ́n á gbé e wá lọ́la. Ọ̀la dé, kò sí àwo. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò sí àwo. Inú ń bí mi. Mo lọ bá Marvel.

“Àwo mi ti sọnù ní ìlú yín yìí.”

“Ta ló máa jí àwo tó ti sán létí?”

“Dọ́là márùn-ún ó dín sẹ́ǹtì márùn-ún ni mo rà á.”

“Lọ́dún wo?”

“Lọ́dún 1979.”

“Arlys, àwo yẹn ti ṣiṣẹ́ tó! Jẹ́ kó fẹ̀yìn tì.” Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló ní, “Lọ wò ó nílé Orville. Ohun tó kù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó o lọ.”

Britta, mo lọ. Mo lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó, torí àwo. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn tí mo rí irùngbọ̀n tí kò tíì fá àti bàtà ilé lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ pa irọ́ pé mo ṣìnà ni. Ó ní kí n wọlé, kọfí wà lórí iná. Mo kọ̀ ọ́. Ó tún ní kí n wọlé. Mo tún kọ̀ ọ́. Ó dúró, ó di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó lè wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wọlé.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ se ẹran àti ọ̀dùnkún yẹn? Ata wà nínú ẹ̀.”

Mo ní, “Díẹ̀ ni, sà.”

“Ìyàwó mi kì í fi ata sí nǹkan kan láyé. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́, inú sì ń bí mi pé ó dùn.”

Mo bu ṣúgà sí kọfí mi, èmi tí kì í mu ṣúgà. Ó wá sọ pé àwo náà ò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdọọdún ni ìyàwó òun máa ń gé rúbábù, ewébẹ̀ kíkan tó wà lẹ́yìn ilé, ránṣẹ́ sí Ìyá Bakken ní ilé kejì. Òun gé e bó ṣe máa ń gé e, òun wá nǹkan tí òun máa kó o sí, àwo mi ni ọwọ́ òun bà. Ó ní kí n máà bínú. Mo ní mi ò bínú. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́ mọ́ nígbà yẹn.

Ìyá Bakken ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ohùn rẹ̀ sì lè dá ọkọ̀ bíìtì dúró lójú títì. Bí mo ṣe sọ orúkọ mi báyìí, ló bá mú mi.

“Ìwọ lo ni àwo? Ìgbà wo lo dé ìlú yìí?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mà.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ò yà kí mi! Ṣé àwo ló yẹ kó mú ẹ wá? Jókòó, jàre.”

Àwo mi wà lórí tábìlì. Ó ti yan kéèkì rúbábù sínú ẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń wọlé jẹ ẹ́ láti àárọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní igun, o sì mọ̀ wá, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ti ìkẹyìn. Wọ́n ti gé e sí méjì, wọ́n tún gé ìdajì náà sí méjì.

“Jẹ ìyẹn,” ló wí.

“Ó tó, Mà, ẹ ṣé.”

“Jẹ ẹ́! Gbogbo yín lẹ̀ ń gé e. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rúnrún nìkan ló máa kù níbẹ̀.”

Mo jẹ ẹ́. Mo wá dojú àwo náà dé láti wo téèpù tí mo máa ń kọ orúkọ mi sí. “A. Tollefson, Crookston” ni mo kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Téèpù yẹn ti ṣí kúrò. Ẹnì kan ti lẹ tuntun, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí i pé: “Arlys, òkè ilé Marvel.”

Mo ní, “Ta ló kọ èyí?”

Ìyá Bakken ní, “Mo ṣe máa mọ̀? Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ni. Àbí ibẹ̀ kọ́ lò ń gbé?”

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá, àlejò ni mí, mo kàn wá wo ìlú ni, ọjọ́ Ẹtì ni màá lọ. Mi ò sọ ọ́.

Britta, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, má gbà á bí ẹ̀sùn. Ní Madison, Màmá Britta ni mò ń jẹ́. Orúkọ rere ni, kò sí iye tí wọ́n lè fi rà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní ọsibítù láàárọ̀ títí tó o fi máa dé, mi ò rí ẹni tó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé. Tó o bá sì wọlé, tó o rí mi níbẹ̀, mo máa ń rí i bí èjìká rẹ ṣe ń wálẹ̀, bíi ti ẹni tó parí iṣẹ́ kan tó bá òmíràn nílé. O ò sọ̀rọ̀ rí. O ò ní sọ̀rọ̀ láé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí n mọ ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Decorah ni mò ń lọ. Nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, dọ́là 1,085 ló máa kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù tí mo bá sanwó ilé tán, mo sì ti fi èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ bùkátà nígbà tí ìwọ wà nílé tó ò ń mu wàrà bí ọmọ màlúù. Láti ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín ò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Láti ibí, odindi ọjọ́ kan ni. Nítorí náà, mò ń sún mọ́ ọ ni, mi ò sá fún ọ.

Ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé, mo lọ dágbére fún Ìyá Bakken. Ó ní, “Gbé àwo ẹ o.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Mà. Màá wá gbé e.” Ìwọ tó o mọ̀ mí, ìwọ tó o mọ̀ pé mi ò fi ìṣó kan sílẹ̀ rí níbi tí mo bá ti ṣiṣẹ́, mo rò pé o mọ ohun tí mo sọ fún obìnrin yẹn.

Kí Ọlọ́run tó mú wa la òtútù já bù kún ilé yín. Kó fún Neal ní ẹ̀yìn tó le, kó mú Anders gúnlẹ̀ láyọ̀, kó bá yàrá rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìwọ, ọmọ mi, kó fún ọ ní oorun tó tó ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ,

Arlys.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn: Ìkòkò rẹ pupa tí mo fi bu ọbẹ̀ wálé ní oṣù kẹta ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lẹ orúkọ rẹ mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì ń bá mi lọ sí Decorah. Mi ò ní fi í ránṣẹ́. Wá gbé e.