Ọ̀rá Inú Ìgò Òfìfo

                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Kejì,
                                        Ilé Ìwádìí Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kó o sùn? Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò sí níbi kan.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ló dé tí Màmá Onígò, àbúrò ìyá rẹ tó tọ́ ọ dàgbà, fi wà nílé látọjọ́ yìí. O ní ó sọ fún ọ pé òun gba ìsinmi ni. Ọ̀rẹ́ mi, kò gba ìsinmi kankan. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sì lé e lọ. Jọ̀ọ́, má tíì fa ìwé yìí ya. Kà á tán ná.

Ṣé o mọ iṣẹ́ wa: ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé wá láti ìsàlẹ̀ òkun la máa ń yẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan ń gbé inú rẹ̀, áákíà ni wọ́n ń pè wọ́n. Gáàsì mẹ́téènì tó ń rú jáde nínú ilẹ̀ lóúnjẹ wọn. Ojú lásán ò lè rí wọn, àmọ́ ọ̀rá ara wọn kì í tètè jẹrà, kódà tí wọ́n bá ti kú tipẹ́, òun la sì fi ń mọ̀ pé wọ́n gbé ibẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sá fún ọ̀rá mìíràn bí ẹni ń sá fún àrùn. Ọdún kọkànlá rèé tí Màmá ti ń bá wa fọ ìgò, kì í fi ìpara pa ọwọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, kí ọ̀rá tirẹ̀ má bàa kan ìgò. Tó bá fọ̀ wọ́n tán, á tún yan wọ́n nínú ófùn títí ohunkóhun ò fi ní ṣẹ́kù.

Nígbàkígbà tá a bá ń ṣe ẹrẹ̀, ìgò kan wà tí a kì í fi ẹrẹ̀ sí, ìgò òfìfo la ń pè é. Gbogbo ohun tá a bá ṣe fún àwọn yòókù la máa ń ṣe fún un, a ò sì gbọdọ̀ bá nǹkan kan níbẹ̀ nígbẹ̀yìn; tá a bá bá nǹkan níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rá àjèjì ti wọ iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a bá ọ̀rá áákíà níbẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ oṣù méje fẹ́ bà jẹ́. Ọ̀gá wa pe ìpàdé, ó wo ojú mi, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ìgò ni ò mọ́, pé ọ̀rá ẹrẹ̀ àtijọ́ ló ṣẹ́kù sí i. Wọ́n pe Màmá wọlé, wọ́n bi í bóyá ó fọ ìgò. Ó ní òun fọ̀ ọ́, òun sì yan án. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ.

Àná ni èsì ẹ̀rọ tó ń wọn bí kábọ́ọ̀nù inú ọ̀rá ṣe wúwo tó dé. Kábọ́ọ̀nù inú gáàsì mẹ́téènì fúyẹ́ gan-an, ohun tó bá sì ń jẹ ẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ á fúyẹ́ bákan náà. Ọ̀rá inú ìgò òfìfo yẹn ò fúyẹ́ rárá. Kò ti inú ẹrẹ̀ kankan wá, ì báà jẹ́ tuntun tàbí ti àtijọ́. Ọ̀rá kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí, èyí tá a rà níléeṣẹ́ tó ń pò ó, tá a fi ń dán ẹ̀rọ wò. Èmi nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Àṣé èmi ni mo fà á sínú ìgò tí kò yẹ.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Ó kọ ìwé pé kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo mú ìwé náà lọ sílé Màmá. Ó ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ẹnu á yà á. Ẹnu ò yà á o. Ó já òwú, ó ní:

"Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn. Iwájú mi lo ti fa ọ̀rá sínú ìgò òfìfo. Mo rò pé o mọ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nípàdé. Ó ní ta ló máa gba afọgò gbọ́ níwájú ẹni tó kàwé, ṣe ni wọ́n á ní òun ń wá ẹni tí òun máa di ẹ̀bi rù. Ó wá ní:

"Mo ń dúró kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ó ní òun máa wá lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo àwọn tó wà nípàdé, kí òun náà wà níbẹ̀. Màá sọ ọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gbádùn rèé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni mò ń pè é láràárọ̀, mò ń bá a kẹ́dùn, mò ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ òun ló ń bá òun kẹ́dùn. Síbẹ̀, kò sígbà kan tí kò gbé fóònù. Kò sì sígbà kan tí kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n pe Màmá lónìí.

                                        Ẹni rẹ tí ojú ń tì,
                                        Pẹ́lẹ́ńgẹ́.