Má Ta Mọ́tò Bàbá Àgbà

Ọkọ mi, èmi ìyá àgbà rẹ ni o. Ẹni tó ń ra irin àlòkù wá gbé mọ́tò bàbá àgbà rẹ láàárọ̀. Ó ní o fẹ́ fowó ẹ̀ ra ẹ̀bùn fún ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì tó máa dúró tì ẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo lé e! Ṣebí àwọn náà ló ń fi gbogbo Sátidé dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò yẹn, tí ojú wọn á dúdú bí ìdí ìkòkò? Òun gan-an ni kí o fún wọn. Mo ń lọ gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí kálukú ní tiẹ̀. Má pe onírin padà o. Jẹun kí o tó bínú. Bí mọ́tò náà bá kọ̀ tí ò dún lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi gbé ìyàwó rẹ bọ̀, wọ́n á tì í, èmi á máa kọrin: "Ẹ tì í, ìyàwó wa ń bọ̀!"