Òkúta Tí Wọ́n Gbìn sí Ìgbèrí Ìyàwó Mi

12 Kimi, ọjọ́ kẹrin oṣù Kumk'u
Ìyàwó mi, Ix Tz'unun, kú lánàá. Omi ló ń gbé lọ fún àwọn tó ń fa òkúta ọba. Okùn já, igi tí òkúta ń yí lórí rẹ̀ fò, ó gbá a láyà. Mo sin ín sínú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo fi àgbàdo lílọ̀ sí i lẹ́nu.

Èmi ò mọ̀wé. Kuy, akọ̀wé tí wọ́n lé kúrò láàfin nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó má fi oyin sí i.

3 Ok, ọjọ́ kẹjọ
Ìránṣẹ́ Oníìyẹ́ dé. Ọba ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — ìyẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ju ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ogún ọdún tí a fi ń ka ìgbà ń parí lọ́jọ́ 13 Ajaw, ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ gbin òkúta rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ìyìn rẹ̀ sí. Níbo? Nínú ilé mi. Wọ́n ń mú gbàgede ààfin fẹ̀ sí i. Mo ní ìyàwó mi wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ hú u. Kò lè wúwo mọ́."

Mo sọ ọmọ ọlọ lù ú. Orúnkún ló bà. Orí ni mo fojú sùn.

5 Eb, ọjọ́ kẹwàá
Mi ò hú u.

8 Men, ọjọ́ kẹtàlá
Wọ́n ti tú òrùlé mi. Ta ló wá ń gbẹ́ òkúta náà? Muyal, àkọ́bí mi! Ó wá, eruku òkúta lójú rẹ̀. "Bàbá, bí mi ò bá gbẹ́ ẹ, ẹlòmíràn á gbẹ́ ẹ." Mo ní kó sọ ohun tó gbẹ́ síbẹ̀. Ó ní ọba fọwọ́ ara rẹ̀ gbin òkúta. Ọwọ́ wo? Èyí tí wọ́n ń bá a fọ̀? Kuy rẹ́rìn-ín títí tàdáwà fi dànù.

11 Etz'nab, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo bi Muyal: ìdí òkúta yìí, báwo ló ṣe máa wọlẹ̀ tó? Ó ní ó máa dé èjìká èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ nǹkan síbẹ̀, ilẹ̀ ló ni ín. Mo ní kó gbẹ́ ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kú. Okùn tó já.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n á pa mí o."

Mo ní, "Ìyá ẹ ti ṣáájú. O ò ní ṣìnà."

Ó lọ láìdágbére.

13 Ajaw, ọjọ́ kejìdínlógún
Wọ́n ti gbìn ín. Ihò òkúta náà kan ìgbèrí ìyàwó mi gan-an. Muyal fúnra rẹ̀ ló ti fi ẹní wé ìdí òkúta kí wọ́n tó gbé e dé — kí nǹkan má baà ha á, ló ní. Gbogbo ìlú ń wòkè. Mo wo Muyal. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mi ò bi í.

Muyal, nígbà tí mo bá lọ, Kuy á fún ọ ní ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ di tìẹ. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní yẹn. Bí o bá gbẹ́ ẹ, pa ẹnu mọ́. Bí o ò bá gbẹ́ ẹ, lọ dúró níbẹ̀, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún ìyá rẹ.