Ẹ Má Mu Ọtí Abẹ́ Ibùsùn

Baba, tí ẹ bá ti ojúbọ Bhairava dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó wọ yàrá.

Láti ìgbà tí kantíkantí ti gba ilé wa ni ẹ ti ń pariwo pé, "Astamaya, gúáfà rẹ ló kó wọn wá!" Mo kó gúáfà dànù, wọn ò lọ. Lẹ́yìn tí ẹ jáde láàárọ̀ yìí, inú bí mi, mo fín oògùn apakòkòrò káàkiri yàrá yín títí dé abẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ìkòkò ọtí ìrẹsì tí ẹ ò dé, kantíkantí bo ẹnu rẹ̀.

Baba, èso tó ti rà ni wọ́n ń wá kiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ìwúkàrà tó ń mú èso kan ló wà nínú ọtí, òórùn méjèèjì ò yàtọ̀ sí wọn. Ẹ rí ọtí fi pa mọ́ fún dókítà tó ní kí ẹ má mutí mọ́ àti ọmọ yín, ẹ ò rí i fi pa mọ́ fún kantíkantí!

Mo ti dà á nù. Ṣùgbọ́n tí òmíràn bá wà tí n kò rí, ẹ má fẹnu kàn án o, oògùn ti wọ inú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Kathmandu ti ń fọn fèrè, mo gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹ lè máa bá mi jà tí mo bá dé. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa bàbá ọkọ mi.