Ìyàwó Kékeré Ń Kùn

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Ilé-ìwé ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀sùn: mo fi ohùn ọ̀gá ilé-ìwé pàṣẹ fún àwọn olùkọ́. Irọ́ ńlá. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo pàṣẹ fún. Ó sì lọ.

Nítorí náà, èmi àti Bàbá Àgbà la jọ wà nílé. (Nínú ìwé yìí, Bàbá Àgbà nìkan ni mo máa pè ní “wọ́n”. Àwọn àgbà tó kù, kí wọ́n má bínú. Ìwé kì í rojọ́.) Àǹtí mi, ọmọ wọn, ló gbà wá sọ́dọ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń sùn lọ́sàn-án, òfin rẹ̀ sì ni pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òun gbọ́ pin. Ìjọba ni mo ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni o.

Òfin yẹn ló sọ Bàbá Àgbà di ará inú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Ó so mọ́ ampilifáyà kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ rédíò. Irin dúdú, fáàfù mẹ́ta lórí rẹ̀, ìgò bíi gílóòbù tó ń pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wúwo, ó ń gbóná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Kékeré. Bàbá Àgbà gbọ́. Wọn ò bá mi wí.

Kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi gbọ́. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, àwọn fúnra wọn ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ kejì nà wá. Bàbá Àgbà mọ̀ pé wọ́n nà wá. Síbẹ̀, tó bá ku díẹ̀ ká gbá pẹnáritì tí a gbá sọnù yẹn, ìdí wọn á kúrò lórí àga.

Eré òní: Lánlọ́ọ̀dù. Òkè wa ló ń gbé. Òun àti Bàbá Àgbà kì í kí ara wọn, láti ìgbà tí omi gọ́tà rẹ̀ ti ya wọ yàrá Bàbá Àgbà. Tí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni tó pàdé ògiri ni. Mo yọ́ lọ sábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kan gíláàsì, mo hú ikọ́ kékeré rẹ̀ yẹn, mo wá ní, “Bàbá, ẹ kú ìsinmi o.” Mo lóṣòó. Mo ń retí èébú.

Kò sí èébú. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù. Wọ́n tún fìlà ṣe. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin náà ńkọ́?” Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo èèyàn nìyẹn. Wọ́n ní àfojúdi ni kéèyàn máa dá ẹni kan lóhùn kí ẹlòmíì máa pariwo góòlù létí rẹ̀.

Wọ́n dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì (mo ti di ẹnu mi mú). Wọ́n tan ẹ̀rọ padà.

Pàù! Iná búlúù fò nínú fáàfù tó tóbi jù. Òórùn bí irun tó jó. Ìjọba jáde síta pẹ̀lú ìrọ̀rí lábíyá.


Ìṣẹ́gun, 3

Fáàfù ńlá ti kú. Òun ló ń tọ́ iná sọ́nà káwọn méjì tó kù tó lè lò ó. Kò sí i lọ́jà mọ́. Méjì péré ló kù tí Bàbá Àgbà fi ìbọ̀sẹ̀ wé sínú páálí. Wọ́n ti ki ọ̀kan bọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ jí. Ṣùgbọ́n ó ń kùn. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń kùn. Bọ́ọ̀lù dúró, ó ń kùn. Mo ní ìyàwó tí wọ́n bá dáná sí lára, ṣé kò yẹ kó kùn ni? Bàbá Àgbà ní kí n lọ fọ abọ́.


Ọjọ́bọ̀, 5

Bàbá Àgbà pe ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní rédíò. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. N ò rí i rí, ohùn lásán ni, torí náà Bàbá Fóònù lorúkọ rẹ̀.

A gbé fóònù ti hẹ́ẹ̀dìfóònù. Bàbá Fóònù ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, fóònù kì í gbé irú ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Bàbá Àgbà fẹnu kùn ún fún òun. Wọ́n gbìyànjú. Bí ẹni tí inú ń run.

Bàbá Fóònù ní, “Ẹ̀rọ ni kò yá ni, àbí ìwọ?”

Mo gba fóònù. Mo gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, mo fetí sí i dáadáa, mo wá kùn ún bó ṣe ń kùn gan-an. Bàbá Fóònù ní, “Ta nìyẹn?”

Bàbá Àgbà ní, “Ọmọ ọmọ mi ni. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé e wálé nìyẹn.”

Bàbá Fóònù ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní ìkùn méjì ló wọ ara wọn, bàbá àti ọmọ. Bàbá wà nísàlẹ̀, ó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀: nǹkan kan ló jókòó sún mọ́ irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ jù. Ọmọ wà lókè, ó há bí oyin tó kó sínú ìgò: agolo tó ń gba iná pamọ́ ló ti darúgbó. Gbogbo èyí láti inú ọ̀fun mi. Ilé-ìwé ò sọ irú nǹkan báyìí fún mi rí.

A wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ìjọba ti gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì gun Ìyàwó Kékeré lẹ́yìn, kí tábìlì lè rí nigínnigín. A gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìkùn bàbá dákẹ́. Ó ku ọmọ.


Ẹtì, 6

Ọjọ́ agolo. A yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, a wá jókòó, a ń wò ó. Mo ní kí la ń dúró dè. Bàbá Àgbà ní agolo yẹn máa ń di iná sínú nígbà tí gbogbo ayé bá ti gbàgbé, ẹni tó bá kánjú kàn án á rí i.

Mo ní, “Bíi Lánlọ́ọ̀dù.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Lánlọ́ọ̀dù kí mi lọ́jọ́ Ajé.”

Mo ń yẹ bàtà mi wò.

Agolo tí a rí rà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Bàbá Àgbà ní kò burú, èyí tó tóbi á gbà jù. Wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀. Ìkùn tán pátápátá. Mo gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí: kẹ́kẹ́ pa. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń sín láàárín èrò. Ó ti pẹ́ tó ti sín in o, bóyá ẹni náà ti di bàbá àgbà.


Àìkú, 8

Bàbá Àgbà kí Lánlọ́ọ̀dù lórí àtẹ̀gùn. Lánlọ́ọ̀dù bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni.


Ọjọ́ Ajé, 9

Mo ṣe Télọ̀. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, nítorí pé ó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Mo kan fèrèsé: “Bhàbá, ẹ khú ọ̀shán o.” Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n bi í léèrè ìyàwó, ọmọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n tan ẹ̀rọ padà.

Pàù. Fáàfù kejì kú.

Ìjọba ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Bàbá, ẹni tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí nǹkan yìí bá tún ta iná lẹ́ẹ̀kan péré, inú ọmọlanke rẹ̀ ló ń lọ. N ò lè jẹ́ nọ́ọ̀sì lóru kí n tún di panápaná lọ́sàn-án.”

Mo rò pé wọ́n á jà. Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà hẹ́ẹ̀dìfóònù jọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń di ẹrù àjò.

N ò jẹun alẹ́ tán. Mo jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣá.


Ìṣẹ́gun, 10

Bàbá Fóònù bú wa. Agolo tó tóbi ló lẹ́bi, ó ní. Fáàfù ò lágbára láti pọn omi kún irú àgbá bẹ́ẹ̀. “Nígbà tó o kúrò ní rédíò, ṣé àti ọpọlọ ẹ lo dá padà fún wọn?” Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

A wá èyí tó bá ti àtijọ́ mu. Ìkùn ò padà. Fáàfù tó kẹ́yìn ti wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ ṣófo.


Ọjọ́bọ̀, 12

Níwọ̀n ìgbà tí agolo ti lẹ́bi, tí a sì ti yọ ọ́, mo rò pé ayé ti dáa. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ohùn tí mo mọ̀ jù láyé. “Bàbá, mo wá yọjú sí yín nítorí ọmọ yín.” Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n tún fìlà ṣe. Wọ́n ní, “Ẹ máa wolẹ̀, ọmọ náà ń gbìyànjú.” Wọ́n tan án.

Búlúù. Kékeré, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Fáàfù ò kú. Ìjọba ń hanrun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìhanrun.

A pe Bàbá Fóònù. Ó béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí iná tó tà. Bàbá Àgbà ní kò sí o. Ẹnì kan kàn kí àwọn ni.

“Ta ló kí ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

“Lánlọ́ọ̀dù.”

“Lọ́jọ́ kejì?”

“Télọ̀.”

“Kí lo máa ń ṣe tí wọ́n bá kí ẹ?”

“Mo máa ń pa ẹ̀rọ, mo máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà mo máa ń tan án. Ṣé kí n máa wo èèyàn níran ni?”

Bàbá Fóònù mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Ó ní fáàfù tó tutù máa ń jí díẹ̀díẹ̀ ni, á máa bu iná sínú agolo ní ṣíbí ṣíbí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa á, agolo á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, fáàfù á ṣì gbóná. Tí wọ́n bá wá tan án lójú ẹsẹ̀, odidi ìkòkò ló máa fẹ́ gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ ta iná. Tí wọ́n bá ti pa á, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí á fi tutù.

Ó wá ní, “Ṣé àlejò ẹ pọ̀ tó báyẹn ni?”

Bàbá Àgbà ní, “Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni. Ó jọ pé àwọn èèyàn ti ń fẹ́ràn mi.”

Bàbá Fóònù ní kí wọ́n fún ọmọ tó mọ ìkùn kùn ní fóònù.

“Ìwọ ọmọ yìí. Àwọn àlejò yẹn, o mọ ilé wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Sọ fún wọn kí wọ́n lọ sinmi.”


Ẹtì, 13

Mo sọ fún àwọn àlejò náà. Wọ́n ń sinmi.

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí bàtà fún. Kò kùn, kò ta iná. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò ní etí ọ̀tún, wọ́n fi etí náà sílẹ̀ fún fèrèsé. Pẹnáritì dé, ó kọjá, wọn ò gbéra lórí àga.

Wọ́n bi mí pé ṣé Télọ̀ ò kọjá lónìí. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá ilé-ìwé yín náà?”

Mo ní òun náà.

N ò rí ohun tí mo lè fi ẹnu mi ṣe látàárọ̀.


Àbámẹ́ta, 14

Onírin àlòkù dé, ó jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ìjọba káwọ́ gbera. Ó ní kí bọ́ọ̀lù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú òun. Tí iná bá tà, onírin ń bẹ níta. Bàbá Àgbà tan ẹ̀rọ. Mo dúró tì wọ́n, mo feyín há ètè kó má lọ di pé ó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìlàjì àkọ́kọ́ kọjá. Ó ku díẹ̀ kí pẹnáritì dé. Ìdí Bàbá Àgbà kúrò lórí àga.

Gíláàsì fèrèsé dún. Ikọ́ kékeré.

“Bàbá, ẹ kú ìsinmi o.”

Bàbá Àgbà ò wo fèrèsé. Ẹnu mi ni wọ́n wò. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, “Ìwọ kọ́?”

Mo mi orí pé èmi kọ́.

Wọ́n ti mọ̀. Láti ìgbà wo? Kò sáyè ìbéèrè, ọwọ́ wọn ti wà lórí súwíìṣì. Mo ní, “Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, pẹnáritì—”

Wọ́n pa á. Wọ́n bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù. Wọ́n tún fìlà ṣe.

“Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Èmi ni mo dá kásẹ́ẹ̀tì dúró.

Lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀rọ̀ gọ́tà lòun bá wá. Ó ní látọjọ́ Àìkú tí Bàbá Àgbà ti kí òun lórí àtẹ̀gùn, òun ò rí oorun sùn. Bàbá Àgbà ní kó wọlé. Ó wọlé. Àga mi ló jókòó lé.

Ìjọba ń wo súwíìṣì. Èmi náà ń wò ó. Ọwọ́ Bàbá Àgbà wà lórí orúnkún wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ gọ́tà. Wọ́n bọ́ sórí òjò. Wọ́n bọ́ sórí orúnkún tó ń dun àwọn méjèèjì. Ìyàwó Kékeré ń tutù, irin rẹ̀ ń dún kẹ́, kẹ́. Onírin pariwo láti ìta pé ṣé ẹrù ń bọ̀ àbí kò bọ̀. Ìjọba wo ẹ̀rọ, ó wo àwọn àgbà méjèèjì, ó ní kó máa lọ, àlejò wà nílé.

Ó wọlé lọ sùn. Kò sọ pé ká dákẹ́.

Nígbà tó yá mo fi ìka kan fáàfù. Ó tutù. Mo mi orí sí Bàbá Àgbà pé ó ti yá. Wọ́n tan án. Ó jí díẹ̀díẹ̀, pupa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ta iná. Kò kùn. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n yí etí hẹ́ẹ̀dìfóònù kan síta fún Lánlọ́ọ̀dù. Orí méjì, fìlà méjì, hẹ́ẹ̀dìfóònù kan. Lánlọ́ọ̀dù fetí sílẹ̀, ó wá ní, “Háà, ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti nà wá nìyí?”

Bàbá Àgbà na ìka sókè.

“Ẹ ní sùúrù. Wọn ò tíì gbá a.”